Ta Ló Dá Eré Náà Sá?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìwé wa yìí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìkàwé, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró kí ẹlòmíì rà á kí ẹ tó yá a kà, ẹ̀yin náà ẹ kú ìfojúsọ́nà. Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ bá jà lónìí, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì là wá.

Nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, ewì kan wà ní ojú-ìwé kẹta, ewì nípa ọkùnrin tó ń sá eré triathlon. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, eré yẹn ni pé kí èèyàn lúwẹ̀ẹ́, kó jáde nínú omi kó gun kẹ̀kẹ́, kó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kó tún fẹsẹ̀ sáré, gbogbo ẹ̀ léraléra, láìjókòó sinmi. Ọ̀rẹ́ mi kọ ewì ọ̀hún dáadáa. Èdè ibẹ̀ dùn, àfiwé ibẹ̀ ò wọ́n. Ohun tó fi èdè dídùn náà sọ ló ń bí mi nínú. Ó ní ọkùnrin náà dá wà. Ó ní kò ní alátìlẹ́yìn, pé òun nìkan ló bá omi jà, tó bá ọ̀nà jà, tó bá oòrùn jà. Ó ní ó ṣubú, ó sì dá ara ẹ̀ gbé dìde. Ó wá fi kádìí ẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí akéwì náà rí, kó má gbára lé ẹnì kankan. Lọ́jọ́ tó kà á fún wa nínú ìpàdé, gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo dé họ́sítẹ́ẹ̀lì ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ru.

Nítorí mo wà níbi eré yẹn, èyí gan-an tó fi kọ ewì. Ẹ má rò pé mo sá a o! Èmi tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta kí n má mí hẹlẹhẹlẹ. Kẹ̀kẹ́ ni mo bá wọn tún ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló ni iṣẹ́ náà. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, abẹ́ igi fúrúùtù kan ni ìsọ̀ ẹ̀ wà nílùú Ìbàdàn níbí. Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022, tí a jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ gbáko, mo lọ ń bá a jókòó. Nígbà tó yá, mo ń bá a mú sípánà. Nígbà tó tún yá, ó ń fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún mi kó lè lọ kírun. Akéwì ló ń pè mí. "Akéwì, ewì wo lo fẹ́ ké fún ṣéènì yìí tó fi máa yí?" Èmi á ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ fún mi lọ́ìlì ná." Ẹ̀rín là ń rín, àmọ́ mo mọṣẹ́.

Bàbá ò dúró sójú kan ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà l'Ékòó tí wọ́n máa ń gun kẹ̀kẹ́ olówó ńlá láàárọ̀ Sátidé. Ọ̀kan nínú wọn gbé kẹ̀kẹ́ wá sí Ìbàdàn, gíà ẹ̀ bàjẹ́, gbogbo ẹni tó gbé e fún tì í, Bàbá tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè é. Bó bá ti fẹ́ lọ, á kó irinṣẹ́ sínú àpótí onígi kan, á so páńpù mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di Ìwó Road, ó di Èkó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé lóṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n ní kó wá bójú tó kẹ̀kẹ́ àwọn tó fẹ́ díje níbi triathlon kékeré kan ní apá Lẹ́kí: 750 mítà nínú omi, 20 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́, 5 kìlómítà lórí ẹsẹ̀. Iye tí wọ́n jọ sọ ni ₦2,500 lórí kẹ̀kẹ́ kan. Kẹ̀kẹ́ 64 ló jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ kí ẹ mú un dání, a máa padà sórí ẹ̀.

Ewì ọ̀rẹ́ mi ní kẹ̀kẹ́ náà ń fò bí àwòdì. Kẹ̀kẹ́ kì í fò jàre. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń ṣe kó tó rìn.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni ẹnu ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀pá oníhò ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ẹnu ẹ̀ bá là sílẹ̀ tí èèyàn ṣubú lé e, ó lè wọlé sí i lára bí ọ̀kọ̀. Òfin eré náà ni pé kẹ̀kẹ́ tí ẹnu ọwọ́ ẹ̀ ò bá dí kò gbọdọ̀ wọlé. Kẹ̀kẹ́ mọ́kànlá ló wá tí ẹnu wọn là gbayau. Bàbá ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Láti Ìbàdàn ló ti kó ìdérí ìgò wáìnì lọ, àwọn tó rí bí igi fúyẹ́fúyẹ́ yẹn, tó tọrọ lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n dí ihò pinpin.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan táyà. Ibi tí a ti ń fún kẹ̀kẹ́ wọn lafẹ́fẹ́ tín-ín-rín ju tàwọn kẹ̀kẹ́ tiwa lọ, páńpù wa ò lè mú un. Irin kékeré kan ni Bàbá fi ń so ó pọ̀, irin tí kò tó ìka ọmọ tuntun. Ó fi okùn gbé e kọ́rùn bíi tírà. Tí irin yẹn bá sọ nù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kẹ̀kẹ́ wọn ò lọ síbì kankan. A ò sì fún wọn lafẹ́fẹ́ kún lálẹ́, torí afẹ́fẹ́ máa ń wú bí oòrùn bá ta sí i, táyà tó le dan-in lóru lè bẹ́ kí ẹni tó ni ín tó jáde nínú omi. Díẹ̀ la fún wọn lálẹ́. A wá jí láago mẹ́rin àbọ̀ láti fi kún un. Kẹ̀kẹ́ 64, táyà 128, páńpù ọwọ́ kan. Apá mi ò ṣeé gbé sókè fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe irin, carbon ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Bí o bá fi agbára dè é bí a ṣe ń de Raleigh bàbá àgbà, á sán nínú, o ò sì ní mọ̀ títí á fi kán mọ́ ẹni tó gùn ún nídìí. Sípánà kan wà tí Bàbá fi ń dè é, tó máa ń dún "kẹ́!" bó bá ti tó. Bó bá ti dún, ọwọ́ gbọ́dọ̀ kúrò. (Mo mọ akéwì méjì nínú ẹgbẹ́ wa tó yẹ ká ra irú sípánà yẹn fún.)

Ó wá ku nọ́ńbà 41. Táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí túùbù nínú. Bàbá pe ẹni tó ni ín, ó fi hàn án. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ pààrọ̀ èyí o." Ọkùnrin náà wo fóònù ẹ̀, ó ní òun ò mú òmíràn dání, kí Bàbá ṣáà bá òun mánéèjì ẹ̀. Bàbá yọ táyà náà, ó mú ogún náírà kan jáde nínú àpò ara ẹ̀, èyí tó rí bí ọ̀rá tí kì í tètè ya, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi tẹ́ ibi tó ya látinú, ó dá táyà padà. Ó ní, "Akéwì, kọ ọ́ sílẹ̀." Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí a fi ń kọ iṣẹ́: Nọ́ńbà 41, táyà ẹ̀yìn ti ya, a sọ fún wọn, wọ́n ní ká mánéèjì ẹ̀. Aago kan òru la parí. Orí páálí la sùn, a fi àpótí ṣe ìrọ̀rí.

Ilẹ̀ mọ́, eré bẹ̀rẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, nígbà tí wọ́n yípo kejì, ogún náírà ò mú un mọ́. Táyà bẹ́, nọ́ńbà 41 ṣubú, èjìká ẹ̀ bó. Èyí ni ìṣubú tí ẹ kà nínú ewì. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdìde ẹ̀ fún yín. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, gbé táyà kan tó jẹ́ ti ara ẹ̀ nínú àpótí, ó mú túùbù kan, ó sáré lórí títì pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀ lọ bá a. Mo rò pé ọkàn ẹ̀ máa já kó tó débẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí kọ̀ǹkéré, ó yọ ti tẹ́lẹ̀, ó fi ti ẹ̀ sí i, ó fún un lafẹ́fẹ́, ó di ọkùnrin náà mú kó lè gun kẹ̀kẹ́. Nọ́ńbà 41 lọ. Ó parí eré, wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Táyà Bàbá sì bá a lọ sílé, kò tíì padà dòní.

Ìgbà tí owó kàn, ọ̀gá kan nínú àwọn olùṣètò dé. Ó ní Bàbá ti ba orúkọ àwọn jẹ́, pé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé fún un kó tún ṣe ló gbé èèyàn ṣubú yẹn, àwọn ò lè san gbogbo owó. Bàbá ní, "Ọ̀gá, mo sọ fún wọn lálẹ́ àná. Ọmọ mi kọ ọ́ sílẹ̀." Ó wẹ̀yìn. Ó pè mí. "Akéwì! Akéwì dà?"

Mo gbọ́. Ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni mo wà, ìwé náà wà nínú báàgì mi. Mi ò dáhùn.

Ìdí tí mi ò fi dáhùn ni pé ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Òun àti àwọn kan ló wá fi òpin ọ̀sẹ̀ wá owó díẹ̀, àwọn ló ń pín omi. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá yẹn gan-an pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fún wọn. Mo wo ara mi: ṣòkòtò tó dúdú fún gíríìsì, irun tí mi ò yà, èékánná bí ti ẹni tó gbẹ́ kòtò. Èmi ọmọbìnrin tó ń kéwì lórí pèpéle níwájú àwọn olùkọ́. Mo ní kó má rí mi bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí wọ́n fìyà jẹ Bàbá ju kí ọ̀rẹ́ mi mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, mi ò ní fi àfiwé bò ó.

₦60,000 ni wọ́n kà fún un. Wọ́n fi tíṣáátì méjì lé e. Lẹ́yìn tíṣáátì náà, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣe é kó ṣeé ṣe: ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ, títí dórí ẹni tó kó ẹ̀rọ orin wá. Orúkọ ẹni tó tún kẹ̀kẹ́ ṣe ò sí níbẹ̀. Nínú mọ́tò, Bàbá ra búrẹ́dì fún mi ní ìdíkọ̀. Kò bi mí léèrè ibi tí mo wà.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mò ń bá wí báyìí. Ìwọ gan-an lo gbé omi fún nọ́ńbà 41, kó tó ṣubú àti lẹ́yìn tó ṣubú. Mo rí ọ pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. O fi eyín tú ẹnu ọ̀rá omi fún un kó má baà dúró. Báwo lo ṣe délé tó o kọ̀wé pé kò ní alátìlẹ́yìn? O yọ Bàbá kúrò, ó dáa, o ò mọ̀ ọ́n. O yọ èmi kúrò, mo fara pa mọ́. Kí ló dé tó o yọ ara ẹ kúrò?

Mo mọ̀ ọ́, wàá ní bí eré náà ṣe rí nìyẹn, pé eré ẹni tó dá wà ni. Irọ́ ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1978, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sá èyí tí wọ́n ń pè ní Ironman, ní erékùṣù Oahu ní Hawaii, ọkùnrin 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí ẹ̀. Kálukú ló mú èèyàn tiẹ̀ wá, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú omi àti oúnjẹ. Gordon Haller ló gbapò kìíní, ó lo wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46. Ti John Dunbar tó ṣe ipò kejì tún pa mí lẹ́rìn-ín: omi tán lọ́wọ́ àwọn tirẹ̀, ni wọ́n bá ń fún un ní bíà! Lónìí, òfin ò gbà kí ará ilé ẹni máa tẹ̀ lé èèyàn lọ́nà mọ́, àwọn tí olùṣètò yàn ló ń ṣèrànwọ́. Ìrànwọ́ ò kúrò níbẹ̀ o. Wọ́n kàn gbé e fún ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ ẹ̀ ni.

Lọ́dún 2008, ní Hawaii yẹn náà, táyà Chrissie Wellington, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jò nígbà tó wà níwájú. Agolo afẹ́fẹ́ kéékèèké tó mú dání ṣòfò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn tó ti fi sẹ́yìn ń kọjá lọ lára ẹ̀. Rebekah Keat, ọmọ Australia, tí wọ́n jọ ń díje, ló fún un ní agolo kan. Wellington padà gbapò kìíní lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ rí i, ẹni tí wọ́n jọ ń lé ipò kan náà! Tí Keat bá kọjá lọ ńkọ́?

Bákan náà ni ti àwọn Wright tó fò lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n, ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní. Ẹ́ńjìnnì tó gbé ọkọ̀ wọn kúrò nílẹ̀, Charlie Taylor, mẹkáníìkì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ìsọ̀ náà, ló ṣe é, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ta ló mọ orúkọ ẹ̀ nínú yín? Ẹ nawọ́ sókè ká rí yín.

Ẹnì kan máa sọ pé àwọn tó ń díje ló ń jìyà, pé ìdájí ni wọ́n ń jí lọ lúwẹ̀ẹ́, pé ẹsẹ̀ wọn ló ń dùn wọ́n. Mo gbà. Mi ò bọ́ àmì-ẹ̀yẹ lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà 41 gbìyànjú, èjìká ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ó sì ń sáré lọ, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹlòmíì máa ní ṣebí wọ́n sanwó fún oníkẹ̀kẹ́, kí ló tún kù? Ẹ mú ìṣirò tí mo ní kẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan jáde. ₦160,000 ni. Ẹ yọ ₦60,000 kúrò. Ohun tó kù nìyẹn.

Kí ẹ sì má rò pé Èkó nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà. Ọkùnrin tó ń bá wa ṣe fọ́tókọ́pì ìwé yìí, òun ló ń to ojú-ìwé, òun ló ń gún pín-ìn-nì sí i. Sáà tó kọjá tí owó wa ò pé, ó ní ká máa kó o lọ ká padà wá san èyí tó kù. Mo ti yẹ gbogbo ìwé wa tó wà lọ́wọ́ mi wò. Orúkọ ààrẹ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ti olóòtú wà níbẹ̀, ti alága ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ tí kò yọjú pàápàá wà níbẹ̀. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè orúkọ ọkùnrin náà lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ tó gbé èyí lọ fún un. Ká sì san owó ẹ̀ tó kù.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ bá Bàbá nísọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, lọ́jọ́ yẹn l'Ékòó, mo gbọ́ nígbà tí ẹ pè mí." Kò gbójú sókè lórí kẹ̀kẹ́ tó ń tún ṣe. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí bàtà ẹ lábẹ́ jẹnẹrétọ̀." Ó ní kí n bá òun gbé sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá.

Ìwé kékeré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú-ìwé tí mo kọ nọ́ńbà 41 sí ti dọ̀tí fún ọ́ìlì, àmọ́ ó ṣeé kà. Lọ́jọ́ Ajé, mo ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn olùṣètò náà l'Ékòó. Ọ̀rẹ́ mi, o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, o dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá nígbà tí Bàbá sọ pé òun ti wí fún wọn, o gbọ́ ọ. Ẹ̀rí ẹ wúlò fún mi ju ewì ẹ lọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mọ́tò máa gbéra ní Ìwó Road. Èmi ni màá san owó ọkọ̀ rẹ.